Ibi Tí Òkúta Ti Pàdé Ilẹ̀

Fún oníṣẹ́ tó ń ṣe géèmù fídíò, gbígbé òkúta sórí ilẹ̀ kò le rárá. Ẹ yan òkúta náà, ẹ fi máòsì fà á, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni pé kí ẹni tó ń wò ó gbà pé òkúta náà ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé. Ẹ wo ìdí rẹ̀ bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ tán: ìlà kan yí i ká, tó gún régé, àwọ̀ eérú lókè rẹ̀, àwọ̀ iyanrìn nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ohunkóhun láàrin. Ojú ti máa ń rí ìlà yìí kí ọkàn tó mọ̀ pé ojú rí i. Òkúta náà á wá dà bí ìkòkò tí ẹnì kan gbé ka orí tábìlì. Ìlà yẹn ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dá lé lórí.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yàwòrán ló ń fa ìlà náà. Ojú síkírínì kún fún ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tí wọ́n ń pè ní pixel. Fún pixel kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ máa ń béèrè ìbéèrè kan: nínú òkúta àti ilẹ̀, èwo ló sún mọ́ ojú ẹni tó ń wò jù? Èyí tó bá sún mọ́ jù ló ni pixel náà, èkejì kò ní ìpín níbẹ̀. Ed Catmull ṣàlàyé ọ̀nà yìí nínú ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà ní 1974, ṣáájú kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ fíìmù Pixar sílẹ̀, ọ̀nà náà sì ni àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù ṣì ń lò títí dòní. Ó yára, ó sì dájú. Àmọ́ kò mọ ohun tí à ń pè ní ìdajì. Pixel yìí jẹ́ ti òkúta, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ti ilẹ̀, ó parí.

Ẹ wá lọ wo ìdí òkúta ńlá kan lóko lẹ́yìn òjò. Ní ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń ṣàn bọ̀, erùpẹ̀ á ti wọ́ jọ sí i lára, á ga díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, omi á ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ òkúta á hàn síta. Ẹrẹ̀ tí òjò ta sókè á ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ewé gbígbẹ á ti kó sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Koríko tó wà lẹ́bàá rẹ̀ á ga ju ti ibòmíràn lọ, nítorí omi tó ń ṣàn kúrò lára òkúta ń bomi rin ín, ọkọ́ kì í sì í lè dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ kò ní rí ìlà. Ẹ ó rí ibi tóóró kan, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí òkúta àti ilẹ̀ jọ ni. Ibi tóóró yìí ni oníṣẹ́ géèmù ń wá bí òun ṣe máa ṣe.

Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Unreal Engine ló ń lò, irinṣẹ́ iléeṣẹ́ Epic Games ti Amẹ́ríkà, ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀ tó jáde ní 2022. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kan àwọ̀. Òkúta ló kọ́kọ́ ń yàn. Ó ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú síkírínì, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ìdí, ó ń dá a padà, ó ń mú òmíràn.

Òkúta gidi ni gbogbo wọn. Àwọn kan ti lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, wọ́n yí wọn ká, wọ́n ya fọ́tò wọn láti igun gbogbo, kọ̀ǹpútà sì fi àwọn fọ́tò náà ṣírò gbogbo kòtò àti gegele ara wọn. Photogrammetry ni orúkọ ọ̀nà náà. Iléeṣẹ́ Quixel ní Sweden ló kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ jọ, kí Epic Games tó rà á ní 2019. Ní Sweden kan náà, iléeṣẹ́ DICE fi ọ̀nà yìí ṣe géèmù Star Wars Battlefront tó jáde ní 2015: wọ́n lọ ya òkúta àti ilẹ̀ ní Iceland, wọ́n lọ ya igbó igi redwood ní California. Ọjọ́ tí ìkúùkù bo ojú ọ̀run ni wọ́n fẹ́ràn jù fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ń ràn, òjìji á wọ inú àwọ̀ òkúta, á sì máa bá a kiri: ẹ gbé e sí òwúrọ̀, ẹ gbé e sí alẹ́, òjìji ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n yà á ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbé pátákó kékeré kan tó ní àwọ̀ 24 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ lẹ́yìn náà ibi tí kámẹ́rà ti yí àwọ̀ padà, kí wọ́n sì tún un ṣe. Sùúrù tó wà nínú ìyẹn jọ mí lójú, nítorí kò sí ẹni tó ń gbá géèmù tó máa rí pátákó náà láé.

Ohun kan wà tí kámẹ́rà kì í lè yà: ìsàlẹ̀ òkúta, ibi tó ti wọlẹ̀. Wọ́n lè dí i lẹ́yìn náà, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dojú ọ̀kan dé kí n lè rí i, inú rẹ̀ sì ṣófo gbalasa. Ó ní, “Ibi yìí ò gbọdọ̀ hàn síta, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ ló máa bò ó.”

Ó rì í wọlẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó dà á gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí apá ibi tí ilẹ̀ ń sọ̀ sí, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, ó tún rì í sí i. Òkúta náà ní ìlà-ìlà lára, bí ó ṣe di òkúta ní ìpele-ìpele. Nígbà tó gbé èkejì àti ẹ̀kẹta wá, ó yí wọn títí ìlà ara wọn fi kọ sí ibì kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, nítorí lábẹ́ ilẹ̀, àpáta kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Àwọn kéékèèké tó kó sí apá ìsàlẹ̀, wọn kò tẹ̀lé òfin yẹn. Ìwọ̀nyẹn ti já, wọ́n ti yí, wọ́n lè kọ ojú síbi tó wù wọ́n. Ẹni tó bá yára wò á rò pé ó kàn da òkúta káàkiri ni.

Lẹ́yìn òkúta ló kan ilẹ̀. Landscape ni wọ́n ń pè é nínú Unreal Engine: àwọ̀n ńlá kan tí kókó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ga tàbí kó rẹlẹ̀. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì Sculpt, ó fi gbé erùpẹ̀ sókè ní ẹ̀gbẹ́ tí omi máa gbà wá. Ó tẹ Shift mọ́lẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó mú Smooth, ó fi tẹ́ ẹ kí orí rẹ̀ má baà rí ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, mítà kan ló wà láàrin kókó àwọ̀n yìí sí ara wọn, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè ṣe ohun tó kéré ju ìyẹn lọ. Erùpẹ̀ tó fẹ̀ ní ìka mẹ́ta ní ìdí òkúta oko, àwọ̀n yìí kò mọ̀ ọ́n. Níbí ni búrọ́ọ̀ṣì ti ṣíwọ́, tí ìṣirò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irinṣẹ́ tó fà yọ ni Runtime Virtual Texture. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ ya àwòrán ara rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ kí ó sì tọ́jú rẹ̀: níhìn-ín, iyanrìn pupa, lọ́hùn-ún, koríko gbígbẹ, níbẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀. Ó gbé àpótí tí wọ́n ń pè ní Volume bo gbogbo ilẹ̀, ó tẹ Set Bounds kí etí àpótí àti etí ilẹ̀ ṣe déédéé. Méjì ló gbé. Ọ̀kan ń gba àwọ̀ ilẹ̀ àti ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Èkejì ń gba bí ilẹ̀ ṣe ga tó ní ibi kọ̀ọ̀kan. Láti ìsinsìnyí lọ, òkúta lè béèrè ohun tí kò lè béèrè tẹ́lẹ̀. Gbogbo pixel ara rẹ̀ mọ ibi tí ó wà. Ó lè yẹ àwòrán yẹn wò kí ó mọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, àti bí òun àti ilẹ̀ náà ṣe jìnnà síra tó.

Ó ṣí Material òkúta náà, ìlànà tó ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe máa rí. Àpótí kéékèèké tí okùn so pọ̀ ló kún ojú síkírínì. Nóòdù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó mú gíga pixel òkúta, ó yọ gíga ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, èyí tó kù sì jẹ́ iye sẹ̀ǹtímítà tí pixel náà fi ga ju ilẹ̀ lọ. Ó fi 30 pín in. Ó fi Saturate há a mọ́ àárín 0 àti 1. Níbi tó bá ti jẹ́ 0, kí àwọ̀ ilẹ̀ jáde. Níbi tó bá ti jẹ́ 1, kí àwọ̀ òkúta jáde. Láàrin méjèèjì, kí wọ́n pò. Ó so okùn náà mọ́ nóòdù Lerp, ó tẹ Apply. Ìlà náà lọ.

Ẹlòmíràn á dúró níbẹ̀. Òun ní kí n sún mọ́ ọn. Ìlà ti lọ lóòótọ́, ìgbànú kan ló wá dípò rẹ̀: iyanrìn tó gun òkúta ní ìwọ̀n kan náà yíká, tó ń ṣá lọ sókè déédéé. Erùpẹ̀ gidi kì í gun òkúta déédéé.

Ó fi ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Noise sí i. Ken Perlin, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí fíìmù Tron, ló tẹ irú ìṣirò yìí jáde ní 1985, nítorí pé ohun tí kọ̀ǹpútà ń yà nígbà náà mọ́ tónítóní jù lójú rẹ̀. Ìṣirò náà ń mú nọ́ńbà jáde tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ láìní ètò, síbẹ̀ tí kì í fò láti ibì kan dé òmíràn. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi nọ́ńbà náà kún gíga yẹn kí ó tó pín in, etí iyanrìn sì fọ́ lójú ẹsẹ̀: ó gun òkúta níhìn-ín, ó sọ̀ lọ́hùn-ún. Méjì ló lò. Ọ̀kan gbòòrò, tó ń yí padà láàrin mítà kan. Èkejì kéré, tó ń yí padà láàrin ìwọ̀n ìka mélòó kan. Bí ó bá lo èyí tó gbòòrò nìkan, etí náà á kàn tẹ̀ kọrọdọ. Bí ó bá lo èyí tó kéré nìkan, á rí wúruwùru. Ó pa ọ̀kan, ó wò ó. Ó pa èkejì, ó wò ó. Ó wá jọ tàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù. Òkúta kọ̀ọ̀kan ní àwòrán kan tí kì í ṣe ti àwọ̀: dúdú àti funfun ni, funfun níbi tí ara òkúta ti yọ síta, dúdú níbi tó ti jin. Ó mú àwòrán yìí, ó fi sínú ìṣirò. Lẹ́ẹ̀kan náà ni iyanrìn kúrò lórí gegele òkúta, tó sì wọ inú ojú sísán rẹ̀. Ojú sísán tó jin gba iyanrìn ga sókè, ibi tó dán kò gbà á rárá. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kùn ún síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Erùpẹ̀ ti ń ṣe ohun tí erùpẹ̀ máa ń ṣe, ó ń wá ibi tó jin.

Ó wá tẹ Ctrl àti L mọ́lẹ̀, ó fi máòsì fa oòrùn wálẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kí ó wọ̀, ni ìlà bá yọ padà. Àwọ̀ bára mu, ìmọ́lẹ̀ kò bára mu. Ojú òkúta kọ sí ẹ̀gbẹ́, ojú ilẹ̀ kọ sí òkè, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ á tan ìdí òkúta, á sì fo ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ojú nǹkan kọ sí yìí ni wọ́n ń pè ní normal. Ó mú normal ilẹ̀ láti inú àwòrán tí ilẹ̀ ti tọ́jú, ó sì fi ìwọ̀n tó fi po àwọ̀ po òun náà. Bí pixel òkúta ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà pé ó ń kọjú sókè díẹ̀díẹ̀. Ara òkúta kò tẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló gbà pé ó tẹ̀, ó sì ń lọ láti ara òkúta bọ́ sórí ilẹ̀ láìkọsẹ̀. Ó fa oòrùn yí ojú ọ̀run ká lẹ́ẹ̀kan, láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò ní ìdí òkúta náà.

Òkùnkùn díẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Láti ìgbà Crysis, géèmù tí iléeṣẹ́ Crytek ti Jámánì gbé jáde ní 2007, ni àwọn ẹ̀rọ géèmù ti ń ṣírò òkùnkùn inú kọ̀rọ̀ láti inú ohun tó wà lójú síkírínì. Ẹni tó ń sá fún ìlà lè fẹ́ pa á rẹ́ pátápátá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ohun tó wúwo gbọ́dọ̀ ní òkùnkùn lẹ́sẹ̀, bí kò bá ní, á máa léfòó. Mo wò ó lọ́nà méjèèjì, òótọ́ ló sọ.

Ó ku etí òkúta fúnra rẹ̀, ibi tí ara òkúta ti gé ilẹ̀. Fún ìyẹn, ó lo Pixel Depth Offset. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé àwọn pixel kan ní ìdí òkúta jìnnà ju bí wọ́n ṣe jìnnà lọ, kí ilẹ̀ lè gba ipò wọn. Káàkiri ló ń yan àwọn pixel náà, ó sì ń yí wọn padà láti àwòrán kan dé èkejì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá po àwọn àwòrán tó tẹ̀léra, ojú á rí etí kan tó yọ́. Ìbéèrè tí Catmull kọ sílẹ̀ ní 1974 ni ẹ̀rọ ṣì ń béèrè, ìdáhùn ni wọ́n yí padà fún un. Díẹ̀ ló fi sí i, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Bí ó bá pọ̀ jù, òjìji ìdí òkúta á máa gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìdí, ó gòkè. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ògiri lásìkò òjò, orí òkúta ló máa ń fẹ́ hù sí, níbi tí omi ti ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ó ní kí ẹ̀rọ wádìí lọ́wọ́ pixel kọ̀ọ̀kan bóyá ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀run. Èyí tó kọ sí ọ̀run gba àwọ̀ ewé, èyí tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ kò gbà. Ó wá di òkúta náà mú, ó ń yí i. Bí ó ṣe ń yí i ni àwọ̀ ewé ń kúrò níbi tó ti di ẹ̀gbẹ́, tó ń rìn lọ bá ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di òkè. Òkúta kan ṣoṣo tó bá gbé sí ibi mẹ́wàá á ní ojú mẹ́wàá.

Koríko kò gbà á lásìkò púpọ̀. Ó fi irinṣẹ́ Foliage gbìn ín, ó pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ tí omi ń gbà wá, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí omi ti gbẹ́. Ìdí koríko kọ̀ọ̀kan ń mú àwọ̀ láti inú àwòrán ilẹ̀ kan náà tí òkúta ń wò, nítorí náà kò sí èyí tó yọ jáde bí àjèjì. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹ̀ka gbígbẹ sílẹ̀. Ó fi Decal, àwòrán pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú nǹkan, ṣe ojú ibi tí omi ti ṣàn gba ara òkúta wá sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó kọjá láti ara òkúta dé orí iyanrìn. Àlẹ̀mọ́ kan ṣoṣo yẹn ran méjèèjì lọ́wọ́ ju bí mo ṣe lérò lọ.

Nínú gbogbo rẹ̀, ó ń ṣọ́ owó tí kò hàn sójú. Géèmù tó ń fi àwòrán 60 hàn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan kò fún ẹ̀rọ ju nǹkan bí ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ láti ya àwòrán kan tán, tòun ti ènìyàn, igi, ìbọn àti òjò tó wà nínú rẹ̀. Ó máa ń yí síkírínì sí Shader Complexity, níbi tí ohun tó rọrùn fún ẹ̀rọ ti ń hàn ní àwọ̀ ewé, tí èyí tó wúwo ń pọ́n. Nígbà tí òkúta náà pọ́n jù lójú rẹ̀, ó yọ nóòdù mẹ́ta kúrò, ó sì wá ọ̀nà mìíràn tó fi rí ohun kan náà.

Ọwọ́ nìkan kò lè ṣe irú èyí fún ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Fún géèmù Horizon Zero Dawn tó jáde ní 2017, iléeṣẹ́ Guerrilla ní Amsterdam ṣe ètò tí ẹ̀rọ fi ń to igi, òkúta àti koríko sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń gbá géèmù ṣe ń rìn, lórí òfin tí àwọn oníṣẹ́ kọ. Lójú tèmi, èyí kò dín iṣẹ́ ọwọ́ kù. Ẹ̀rọ kò lè to ohun tí ẹnì kan kò tíì fi ojú wò dáadáa: ibi tí erùpẹ̀ ń gbárajọ sí, ibi tí koríko ti ń ga, ibi tí òkúta tó já máa ń dúró.

Environment Art ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sí nínú àkọsílẹ̀ tó ń yí lọ ní òpin géèmù, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa ẹ̀rọ. Bí ọmọ tàbí àbúrò yín bá ń gbá géèmù nílé, ẹ ní kó dúró lẹ́bàá òkúta kan, kó yí kámẹ́rà wá sí ìdí rẹ̀, kí ẹ jọ wá ìlà náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ orúkọ yẹn yí dé òpin lọ́jọ́ tí géèmù náà bá parí, kí ẹ sì kà á.